Igbá Ìwọ̀n Tí Ó Rù

Kí agolo tó gba ọjà wa, igbá ni a fi ń wọn erèé. Igbá tèmi kò gbọdọ̀ ju tìrẹ, tìrẹ kò sì gbọdọ̀ ju tèmi. Ní ọjà Ẹ̀rúnmú, ìyálọ́jà ní igbá kan tí ó fi kọ́ sókè àtíbàbà rẹ̀. Ìyá igbá ni a ń pè é. Ẹni tí ó bá gbé igbá tuntun wọjà yóò kọ́kọ́ rọ erèé kún ìyá igbá, yóò fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ́ ẹ lórí kí ó tẹ́jú, yóò wá dà á sínú tirẹ̀. Tí ó bá kún dọ́gba, ó parí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ká igbá tó dín mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, wọn a fọ́ ọ mọ́lẹ̀ lójú gbogbo ọjà, onígbá kò sì ní pàtẹ níbẹ̀ mọ́.

Erèé ni ìyá mi ń tà. Ọwọ́ ìyá tirẹ̀ ni ó ti jogún igbá ìwọ̀n rẹ̀. Igbá náà ti pọ́n, inú rẹ̀ ń dán bí ìkarahun. Ọkọ̀ ojú irin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn ni nígbà náà, àwọn oníbàárà sì ń ti ìgboro wá ra erèé lọ́dọ̀ wa, kí wọ́n lè sè é fún àwọn lébìrà.

Ọdún yẹn ni ìyá mi bí àbúrò mi. Kò lè jáde kí ogójì ọjọ́ tó pé, ó bá ní kí èmi máa lọ nájà. Èmi! Mi ò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ. N kò lè jókòó, n kò lè jẹun. Nírọ̀lẹ́ tí ọjà ku ọ̀la, mo gbé igbá náà lérí, mo ń yan káàkiri ẹ̀yìnkùlé, mo ń polówó fún àwọn adìẹ:

"Ẹ wá ra erèé o! Erèé tí í jinná láìjẹ igi!"

Ibi tí mo ti ń yídìí ni ẹsẹ̀ mi ti kọ́ okùn ewúrẹ́. Igbá já bọ́, ó là sí méjì.

Ìyá mi wà nínú ilé, ó ń wẹ ọmọ, kò gbọ́. Mo sáré lọ sí ìdí ìtàkùn igbá tó gun ọgbà wa. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ó tóbi tó, ṣùgbọ́n ó ṣì tutù yọ̀yọ̀. Mo já a, mo là á, mo họ inú rẹ̀. Báwo ni n ó ṣe mọ̀ bí ó bá ṣe déédéé èyí tó fọ́? Mo fi okùn di ìyẹn pọ̀, mo fi amọ̀ dí ojú ibi tó ti là, mo rọ erèé kún un, mo rẹ́ ẹ lórí, mo dà á sínú tuntun. Àyè ṣì kù. Mo fi ọ̀bẹ fá ẹnu tuntun náà díẹ̀, mo tún dà á. Àyè ṣì kù. Mo fá, mo dà, mo fá, mo dà, títí erèé fi bá ẹnu igbá dọ́gba. Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Mo tiẹ̀ gbàgbé pé àṣìṣe ni mò ń bò mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìyálọ́jà wọ̀n ọ́n mọ́ ìyá igbá. Ó kún rẹ́gí.

"Ta ló fá ẹnu rẹ̀ báyìí?"

"Èmi ni, ìyá."

"Ọwọ́ rẹ mà gún o!"

Mo fò délé ni. Mo fi igbá náà kọ́ sókè ààrò, kí èéfín lè sọ ọ́ di pupa bíi ti tẹ́lẹ̀, kí ìyá mi má baà fura. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe lẹ́yìn gbogbo ọjà, fún ogójì ọjọ́.

Ọjà tí ìyá mi kọ́kọ́ padà sí, kò tíì tú ẹrù tán tí ó fi gbé igbá náà sókè, tí ó ń yí i wò. Ó ní, "Èyí kì í ṣe igbá ìyá mi." Kí n tó lanu, oníbàárà wa kan ti dúró sí iwájú àtẹ, ìyá Mùsùlùmí kan láti Ìbàdàn. Ó ní agbọ̀n kan tí ó so òwú pupa mọ́ lára. Igbá mẹ́wàá ìyá mi ni í kan òwú náà.

"Ìyàwó, o kú ewu ọmọ. Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ o. Ọjà méjì rèé, igbá mẹ́wàá yín ò kan òwú mi mọ́, wàláhì."

"Ẹ jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n lójú yín, ìyá."

Ó wọn mẹ́wàá. Erèé ò débi òwú. Kí a tó pajú dé, èrò ti pé lé wa lórí. Ìyálọ́jà já ìyá igbá wálẹ̀, ó wọ̀n ọ́n: ẹ̀kúnwọ́ méjì ni igbá wa fi dín.

Aláta ẹ̀gbẹ́ wa pariwo pé, "Àbí igbá yín ń gbààwẹ̀ ni?"

"Kó yáa ṣínu kí oòrùn tó wọ̀!" Bí ẹlòmíràn ṣe dá a lóhùn nìyẹn.

Ìyálọ́jà kò rẹ́rìn-ín. "Èmi ni mo wọn igbá yìí wọjà. Lọ́jọ́ náà, ó kún. Ẹ ti fá a lẹ́yìn mi."

Ó ti gbé e sókè láti fọ́ ọ. Ìyá mi dúró, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ni mo bá ké pé, "Ẹ dúró!" Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: okùn ewúrẹ́, igbá tútù, amọ̀, èéfín. Mo ní n kò fá a mọ́ láti ọjọ́ tí ìyálọ́jà ti wọ̀n ọ́n. Mo ní èéfín ló jẹ́ kó rù.

Aláta ní, "Ta ló rí igbá tó rù rí? Ewúrẹ́ ni?"

Mo dá a lóhùn pé, "Iṣu tí a bẹ tí a sá sóòrùn, ṣé kì í rù ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyálọ́jà ní, "Iṣu nìyẹn. Igbá ni mò ń bi ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í kún òṣùwọ̀n. A ó wọ̀n ọ́n."

Ó ní kí wọ́n já igbá tútù kan wá láti ẹ̀yìn ọjà. Èmi ni mo fá a lójú gbogbo wọn, títí tó fi bá ìyá igbá dọ́gba. Ìyálọ́jà gbé e lọ kọ́ sókè ààrò tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn án. Títí di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, ìyá mi kò gbọdọ̀ pàtẹ.

Lójú ọ̀nà, gbolóhùn kan péré ni ìyá mi sọ: "Igbá tó fọ́ kò dùn mí tó bí o ṣe fi í pamọ́ fún mi."

Nígbà tí ọjọ́ pé, àwọn tí kò ní nǹkan í rà gan-an wá. Aláta ti fi obì kan ta tẹ́tẹ́ pé igbá kò ní rù. Ìyálọ́jà rọ ìyá igbá kún, ó rẹ́ ẹ lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dà á sínú igbá tí ó gbé wá láti ààrò. Erèé kún igbá náà dé ẹnu, ó ṣì kù nínú ìyá igbá. Ó ń dà á lọ. Ni erèé bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀ wàrà wàrà!

Ariwo sọ. Mo fò, mo dì mọ́ ìyá mi, àbúrò mi figbe ta. Aláta ju obì rẹ̀ sílẹ̀: "Ó gbààwẹ̀ lóòótọ́!"

Láti ọjọ́ náà, igbá tí kò bá gbó, tí kò gbẹ, tí kò dún kó-kó tí a bá kàn án, kò wọ ọjà wa mọ́. Ìyá mi ní gbogbo ẹni tó ra erèé lọ́wọ́ mi ni yóò gba ẹ̀kúnwọ́ méjì méjì lé e, èmi ni n ó sì máa bù ú. Mo bù ú títí apá fi ń ro mí.

A kò ní igbá tí a ó fi tà lọ́jọ́ náà. Ìyálọ́jà na ìyá igbá gan-an sí ìyá mi. Kò yá ẹnikẹ́ni rí. Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó kúnlẹ̀. Ìyá tó ti Ìbàdàn wá gbé agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀. Gbogbo wa ń kà á sókè, títí dé ìkẹẹ̀wá. Erèé kan òwú pupa náà gẹ́lẹ́.

Ó fi ọwọ́ tẹ́ ojú rẹ̀, ó wò ó lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì.

"Ó kún, ìyàwó," ni ó wí. "Èènì mi dà?"