Tíṣà Verlin Gun Òṣùwọ̀n

Ìdajì ìlú Tolliver ló kọ́ ọkọ̀ wíwà lọ́wọ́ Verlin Stucky. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ní ilé ẹ̀kọ́ wa, tó ń tẹ bíréèkì tirẹ̀, tó ń sọ pé, "Kà á kí o tó ṣí i." Ohunkóhun tí wọ́n bá kọ sára ọkọ̀, ó ní dandan ni kí awakọ̀ kà á. Èmi náà kà á. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, àmọ́ Tíṣà la ṣì ń pè é, ó sì ń dáhùn bí ẹni tí wọ́n fi oyè kí.

Oyè rẹ̀ kejì ni pikọ́ọ̀pù rẹ̀. Pupa ni, ó ń dán. Láràárọ̀ ló máa ń gbé e síwájú fèrèsé ilé ọkà, níbi tí àwọn àgbà ti ń mu kọfí ọ̀fẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà mu tirẹ̀ láìrí i. Èmi ni mo ń ṣọ́ òṣùwọ̀n ọkọ̀ níbẹ̀, irin fífẹ̀ tí àwọn ọkọ̀ ọkà ń gùn ká lè mọ bí wọ́n ṣe wúwo tó. Nígbà ìkórè àlìkámà, mi ò ráyè nu imú. Bí ìkórè bá ti parí, èmi àti òṣùwọ̀n a jọ máa wo ọ̀nà ni.

"Ó lè fa pọ́ùn 11,000," ni Tíṣà máa ń wí. Ìwé tí wọ́n fi polówó ọkọ̀ náà fún un ló wí bẹ́ẹ̀. Ẹ lè máa sọ̀rọ̀ òjò, ẹ lè máa sọ̀rọ̀ òkú, á rí ibi tí 11,000 máa gbà wọlé.

Royce Unruh nìkan ni kì í dá a lóhùn. Royce ní pikọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tó ní táyà mẹ́rin lẹ́yìn, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Tíṣà sọ ọ́ ní Onídìí-Gbàǹgbà.

"Royce, ṣé Onídìí-Gbàǹgbà gba géètì kọjá lónìí?"

Royce á mu kọfí rẹ̀.

Onídìí-Gbàǹgbà yìí ni Royce àti ìyàwó rẹ̀ fi ń fa ilé onítáyà wọn káàkiri. Irú èyí tó ní ọrùn ni, tí ọrùn náà máa ń gun ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù, táá wá jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò ní í lọ mọ́. Ó ní yàrá, ó ní ilé ìdáná, ó ní àga ìrọ̀gbọ̀kú méjì tó dojú kọ iná àtọwọ́dá. Nígbà tí ìyàwó Royce kú, ó kó abọ́ rẹ̀ jáde, ó ní òun fẹ́ tà á.

Ìyàwó Tíṣà, Lorene, ló nílò ilé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ardith, ṣubú ní Colorado, itan rẹ̀ kán, kò sì sí ẹni tó máa gbé e dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni Ardith ní. Lorene ní láti lọ bá a gbé títí di ọdún Kérésì, ibi tó máa sùn sì gbọ́dọ̀ bá a lọ. Òkè gíga kan wà lójú ọ̀nà, yìnyín a sì máa bò ó láti oṣù kẹwàá. Ìparí oṣù kẹsàn-án la wà. Ẹnì kan láti Salina ti ní òun ń bọ̀ wá wo ilé Royce ní Sátidé.

"Màá rà á," ni Tíṣà wí. "Ilé náà ò tó 8,000. Ọkọ̀ mi á fà á bí ẹni fa ìyẹ́ adìyẹ."

Lorene kò bá a jiyàn. Ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, ó ti rí ilé onítáyà kan tó dojú dé ní ìsàlẹ̀ òkè yẹn. Ó sọ fún mi nígbà kan pé ohun tí òun ò lè gbàgbé ni àwọn ife. Wọ́n tú ká sójú títì, ọ̀kan ò fọ́ nínú wọn.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ṣílẹ̀kùn pikọ́ọ̀pù níwájú gbogbo wa, ó fi ìka kan sítíkà tó wà létí rẹ̀.

"Tíṣà, kà á."

"Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀."

"Kà á síta."

Ó wá gíláàsì ojú rẹ̀. Ó kà pé ọkọ̀ náà àti ohun gbogbo tó bá rù kò gbọdọ̀ ju pọ́ùn 7,000 lọ.

"Rírù nìyẹn," ni ó wí. "Ilé kì í ṣe ẹrù. Fífà la máa fà á."

"Ọrùn rẹ̀ tó gun ẹ̀yìn ọkọ̀ ńkọ́? Atẹ́gùn ló gbé e?"

"Lorene, 11,000 ni wọ́n..."

"Ẹni tó lè fi okùn fa màlúù ò wí pé òun lè gbé e kọ́rùn. Gbé e gun òṣùwọ̀n. Bí ó bá lé lórí 7,000, mi ò ní bá ọ gun òkè yẹn, mo sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ Ardith."

Ohun tó gbé wọn dé iwájú mi nìyẹn, ọkọ̀ pupa, ilé Royce lẹ́yìn rẹ̀, ajá wọn Dutch láàárín àwọn méjèèjì. Àwọn àgbà gbé kọfí wọn sún mọ́ fèrèsé. Royce dúró síta.

"Tíṣà, ẹ sún síwájú díẹ̀. Táyà ọkọ̀ nìkan ni kó wà lórí irin. Kí ti ilé wà nílẹ̀."

"Ta ló kọ́ ọ ní ọkọ̀, ọmọ yìí?"

Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni mí. Mo ní òun ni. Ó sún síwájú.

7,690.

"Òṣùwọ̀n yín ti gbó."

"Àwọn ìjọba yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù tó kọjá, Tíṣà."

"Àpótí irinṣẹ́ mi nìyẹn, àti igi ìdáná. Ta ló ń gbé igi lọ sórí òkè? Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀."

Royce bá a sọ ọ́ kalẹ̀. 7,470.

Tíṣà wo Dutch. Dutch wò ó padà, ó sì bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Nínú gbogbo wọn, òun ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. 7,400.

Tíṣà wo iwájú. Ó wo díńgí. Ojú rẹ̀ wá rọra yí sápá ọ̀tún.

"Sọ ọ́," ni Lorene wí.

"Mi ò sọ nǹkan kan."

"Ojú ẹ ti sọ ọ́." Ó gbé àpò rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó yíjú sí fèrèsé. "Ogóje pọ́ùn ni mí, ẹ̀yin ọkùnrin. Ẹ má wulẹ̀ dá ara yín lágara."

7,260.

Royce lanu fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. "Verlin, ó ku ẹrù kan."

Tíṣà ò mira. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí sítíárì, níbi tó ti kọ́ gbogbo wa pé ká máa gbé e sí. Ó pẹ́ kí ó tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Ó fẹsẹ̀ kan kanlẹ̀, ó fi ìkejì tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà tó wà níwájú mi lọ sókè, ó bọ̀ nísàlẹ̀, ó dúró.

6,990.

"Ó gbà á!" ni Tíṣà pariwo. "Ṣé ẹ rí i? Ó gbà á!"

Gbogbo wa wo ọkọ̀ náà. Kò séèyàn nínú rẹ̀, kò sájá. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

"Ó gbà á lóòótọ́," ni Lorene wí. "Ta ló máa wá wà á?"

Tíṣà fi apá aṣọ nu eruku lára ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Mi ò sì tíì kó ìkòkò kan sínú ilé yẹn. Tánkì omi rẹ̀ gbẹ. Àbí atẹ́gùn ni mo máa sè fún Ardith?"

Àwọn tó wà ní fèrèsé ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ẹnì kan da kọfí sára. Royce nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Màá yá ọ ní Onídìí-Gbàǹgbà," ni ó wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo rò pé ìyẹn ló dun Tíṣà jù.

Ó wá bá mi ní fèrèsé. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Bá mi tẹ nọ́ńbà ìkẹyìn yẹn síwèé. Òun nìkan."

Mo tẹ̀ ẹ́. Lorene ti na ọwọ́ tirẹ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀.

"Bá mi tẹ ti àkọ́kọ́."

Ìwé ti Lorene ló bá wọn dé Hays lọ́jọ́ kejì, níbi tí wọ́n ti ń ta ilé onítáyà. Wọ́n ní bí ẹni tó ń tajà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ iye tí pikọ́ọ̀pù lè fà, Lorene tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, ó ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ilé kékeré kan ni wọ́n fà bọ̀, tí kò lọ́rùn, ìdí ọkọ̀ ló so mọ́. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ rí bí ẹni pé bí ẹnì kan bá yí, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ yí. Lorene kó ìkòkò, omi, igi àti ajá sínú rẹ̀, ó sì mú gbogbo rẹ̀ padà wá sórí òṣùwọ̀n mi. 6,680, pẹ̀lú awakọ̀.

Tíṣà ní nítorí atẹ́gùn lòun ṣe yan kékeré. Ó ní ilé gíga kì í dára nínú atẹ́gùn. Ìwé 6,990 wà lókè díńgí rẹ̀, ó ṣì ń yọ ọ́ han èèyàn. Onídìí-gbàǹgbà mìíràn ni ará Salina fi wá fa ilé Royce lọ.

Káàdì Lorene dé ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹwàá. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé, níbi tí àwọn ọlọ́kọfí ti lè kà á:

"A ti sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Bíréèkì ò gbóná débi tó máa rùn. Ardith ti ń rìn dé ẹnu ọ̀nà. Verlin ní agbára ọkọ̀ òun ni."