Sójà Tó Ń Tọrọ Àforíjì

Òórùn aṣọ tó ń jóná lábẹ́ áyọ́ọ̀nù eléèédú ló máa ń dá mi padà sí ọ̀sán ọjọ́ náà, ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Bẹyẹrunkà. Ṣòkòtò oníbàárà kan ni mò ń lọ̀ nígbà tí Sójà wọlé. Bí a ṣe ń pè é ní agbolé wa nìyẹn, látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun, tó ti ojú ogun apá Màídúgùrì dé. A jọ dàgbà ni, a jọ kéwú. Kó tó lọ, èèyàn á ti máa gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti Ọjà'ba. Nígbà tó dé, ó di ẹni tó ń jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó jẹ́ pé bí páànù bá já bọ́ lásán, á ti dojú bolẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, nítorí Ọlọ́run, forí jì mí. Èmi ni mo la wàláà rẹ sí méjì nílé kéwú, tí alùfáà fi nà ẹ́."

Ẹ̀rín pa mí. Láti kékeré ni mo ti ń wá ẹni tó ba pátákó ìkéwú mi jẹ́. Mo ní, "Ọ̀daràn! Mo ti forí jì ẹ́."

Ìwọ náà mọ àṣà wa: ẹni tó bá ń lọ sí Mẹ́kà á kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ti ṣẹ̀. Láti àárọ̀ ni Sójà ti ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé, inú gbogbo agbolé sì ti ń dùn pé yóò di Àlàájì. Ìyá rẹ̀ tilẹ̀ ti ń fọ ìgò tí Sójà yóò fi bu omi Sámúsámù bọ̀ fún wọn láti Mẹ́kà. Èmi náà ṣàdúrà fún un pé, "Wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire."

Kò ṣe àmín. Ó kàn fọwọ́ kan èjìká mi, ó sì jáde.

Mo gbé áyọ́ọ̀nù lé ṣòkòtò padà. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé àwọn tó lọ sí Mẹ́kà lọ́dún yẹn ti dé. Mo ti jẹ nínú dàbínù tí wọ́n mú bọ̀. Ìrìnàjò wo wá ni Sójà ń lọ? N kò rántí gbé áyọ́ọ̀nù kúrò tí mo fi sáré jáde.

Mo bá a ní yàrá rẹ̀, létí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti gbálẹ̀, ó ti ká gbogbo aṣọ rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá bi í, n óò ti ọ̀rọ̀ náà sí i lọ́kàn. Síbẹ̀ mo bi í. "Ṣé o fẹ́ pa ara rẹ ni?"

Ó ní, "Ó ti rẹ̀ mí. Àwọn tó kú sọ́hùn-ún kì í jẹ́ kí n sùn."

Kí ni mo mọ̀, èmi télọ̀? Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Mi ò forí jì ẹ́ mọ́. Mo ti gbà á padà. Wàláà mi ṣì wà lọ́rùn ẹ, o ò lọ síbì kankan."

Ó wò mí bíi pé orí mi ti yí, ó wá bú sẹ́kún. Mo pariwo pe ìyá rẹ̀. Tìgò-tìgò ni ìyá náà wọlé, omi ṣì ń kán lára ìgò. Nígbà tí wọ́n gbọ́, wọn kò ké. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n di ẹsẹ̀ ọmọ wọn mú, wọ́n ní, "Èmi náà ò forí jì ẹ́."

A kò fi í sílẹ̀ títí a fi gbé e dé ọsibítù lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá sọ fún mi pé bíbéèrè kì í ti irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síni lọ́kàn, pé ìbéèrè mi ló jẹ́ kí Sójà rí ibi sọ ọ́.

Má rò pé ó ti tán o. Ó ń lo oògùn, ó ń lọ rí dókítà, síbẹ̀ àárọ̀ mìíràn wà tí kì í ṣílẹ̀kùn, tí mo máa ń kàn án títí yóò fi dáhùn. Ó dùn mí pé gbogbo wa la fi àdúrà sìn ín jáde lọ́jọ́ náà, tí ẹnì kankan kò bi í pé ibo ló ń lọ. Ṣòkòtò oníbàárà jóná ràú. Mo rán òmíràn.

Bí Sójà bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, á yọjú. "Ṣé o ti forí jì mí?"

"Rárá o."

Lọ́la, á tún wá béèrè.