Adájọ́ Káàdì Géèmù

Adájọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò wọ kóòtù rí. Kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe, ṣùgbọ́n ohun tó sọ ọ́ di olókìkí ni káàdì géèmù, pátákó pẹlẹbẹ tó ní fáànù lára, tó ń ya àwòrán fún kọ̀ǹpútà nígbà tí èèyàn bá ń ṣe géèmù. Káàdì tuntun kọjá agbára àwọn oníbàárà rẹ̀. Àlòkù ni wọ́n ń rà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó dára jù nínú méjì á lọ bá Adájọ́. Á ki káàdì bọ inú kọ̀ǹpútà, á ṣí géèmù eré ọkọ̀, á sì ka iye àwòrán tó ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wọ́n bá pọ̀, ọkọ̀ á máa sáré geere. Bí wọn kò bá pọ̀, á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí ọ̀pọ̀lọ́. Á wá fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye náà sára ògiri. Ohun tó bá ti dé ara ògiri yẹn, àmín ni.

Kọ̀ǹpútà kan, mọ́nítọ̀ àtijọ́ kan, wáyà kan ló ń lò fún gbogbo wọn. “Kí káàdì kankan má baà ní mo rẹ́ òun jẹ,” ló máa ń wí. Òdodo náà ti ń pa á bí ọtí.

Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, ṣí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà àlòkù sí òpópónà kejì. Gbogbo ohun tó ní ló fi kó káàdì wọlé, irú kan náà ni gbogbo wọn. Ó mú ọ̀kan wá.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gbé e sára ògiri. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ọjà á tà.”

“Ògiri mi kò mọ àbúrò o.”

“Mo mọ̀. Ẹ ṣáà wọ̀n ọ́n.”

Adájọ́ ki káàdì bọlé. Fáànù ń yí. Ṣùgbọ́n kò sí ihò tó bá wáyà mọ́nítọ̀ àtijọ́ náà mu lẹ́yìn káàdì, níbi tó máa ń ki wáyà sí. Ẹlòmíràn ì bá wá wáyà mìíràn. Adájọ́ ní òun kò ní tìtorí ọmọ ìyá òun yí òfin padà. Ó ki wáyà bọ ihò tó wà lára kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Àwòrán jáde, ó ní ó ti parí.

Mẹ́rìnlá.

“Mẹ́rìnlá kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó tà á fún mi ní ó ju ọgọ́ta lọ. Ẹ tún un wò, ẹ jọ̀ọ́.”

“Ẹni tó ń ta ọṣẹ ló ń ní ọṣẹ òun ń hó. Mẹ́rìnlá ni mo rí, mẹ́rìnlá ni mò ń kọ.”

Ìyá wọn gbọ́, ó wá fúnra rẹ̀. “Ìwọ ọmọ yìí, ó ní kí o tún un wò ni, kò ní kí o parọ́.”

“Màámi, bí mo bá tún tiẹ̀ wò, gbogbo ayé á ní kí n tún tiwọn náà wò.”

“Ayé wo? Ẹ̀yin méjì péré ni mo bí.”

Adájọ́ mú ṣọ́ọ̀kì. Ó kọ mẹ́rìnlá sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Kò kórìíra àbúrò rẹ̀ o. Ó kàn dùn mọ́ ọn pé ayé á rí i pé òun kì í gbè sẹ́yìn ẹbí. Ẹ̀ṣẹ̀ tó bá wọ aṣọ òdodo, ó máa ń pẹ́ nílé Ọlọ́run kí wọ́n tó dá a mọ̀.

Kò sẹ́ni tó ra káàdì náà. Kí ọdún tó yí, àbúrò ti kó wọn fún àwọn oníirin àlòkù, ó ti ti ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń ru páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan.

Ọjọ́ kan ni onígbàjámọ̀ àdúgbò, tó ní kọ̀ǹpútà géèmù fún àwọn tó ń dúró de orí fífá, wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó gbé káàdì kan àti mọ́nítọ̀ tirẹ̀ dání.

“Adájọ́, ẹ wá wo ẹni tí ẹ dájọ́ ikú fún! Ọwọ́ oníirin ni mo ti rà á. Ó ń na gbogbo àwọn ọ̀gá orí ògiri yín.”

“Irọ́ ni.”

“Ẹ tún un wò ná.”

Adájọ́ ki káàdì bọ inú kọ̀ǹpútà, wáyà mọ́nítọ̀ onígbàjámọ̀ sì wọ ẹ̀yìn rẹ̀ wẹ́rẹ́. Mọ́kànlélọ́gọ́ta. Adájọ́ gbé mọ́nítọ̀ àtijọ́ rẹ̀ padà síbẹ̀, ó ki wáyà rẹ̀ sára kọ̀ǹpútà bíi tìjọ́sí: mẹ́rìnlá. Ó wá yọ káàdì kúrò pátápátá. Mẹ́rìnlá náà ni. Àṣé kọ̀ǹpútà ló ń dá ya àwòrán lọ́jọ́ yẹn. Káàdì kàn jókòó, ó ń fẹ́ atẹ́gùn.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu onígbàjámọ̀. “Ṣé àbúrò yín kọ́ ló kó o wá?”

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, Adájọ́ dé ilé ìkẹ́rùsí. Ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ wáyà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. “Mo ti tún un kọ, àbúrò. Òun ló wà lókè báyìí.”

“Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n.” Àbúrò ń nu òógùn. “Onígbàjámọ̀ ní kí ẹ tún un wò, ẹ sì tún un wò?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ẹ̀ẹ̀melòó ló sọ ọ́?”

Adájọ́ wo ilẹ̀. “Ẹ̀ẹ̀kan.”

Àbúrò dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé, ó gbé páálí lé èjìká, ó wọlé lọ. Adájọ́ fẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹ̀ṣọ́ na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà.

“Bàbá, àwọn òṣìṣẹ́ nìkan ló ń wọbí.”