Ebè Bàbá Mi Nínú Yàrá Ìdánwò

Ní ọdún kẹta lẹ́yìn òmìnira ni wọ́n pè mí fún ìdánwò àfẹnusọ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ọjọ́ náà kò lè kúrò lọ́kàn mi láé. Bí n kò bá yege, ibẹ̀ ni ìwé kíkà mi yóò parí sí.

Olùdánwò na ọ̀pá sí máàpù Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lára ògiri, láti etí òkun títí dé ọ̀dàn. Ó ní, "Òjò a máa tètè dé ẹ̀bá òkun. Ẹ̀yin ará Ẹ̀jìgbò tí ẹ ń gbin iṣu kí òjò tó dé, kí ni kì í jẹ́ kí ó jóná?"

Ìwé tí mo há sórí kò dé ibẹ̀. Lójijì ni mo rántí oko wa lọ́nà Masífà.

"Bàbá mi a máa fi koríko gbígbẹ bo orí ebè, sà, kí oòrùn má baà pa èbù."

"Ìwé wo lo ti kà á?"

"Ọ̀dọ̀ Bàbá ni, sà. Wọn kò tilẹ̀ mọ̀wé."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Wọ́n mọ èyí tí ìwé wa kò mọ̀. O ti wọlé."

Nígbà tí mo délé ròyìn, Bàbá ṣí fìlà. "Koríko lásán! Àwọn ọ̀mọ̀wé yìí mà ń fẹ́ olùkọ́ o!"

Títí mo fi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ẹ̀bá ebè ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa ojú ọjọ́, orúkọ Bàbá ni mo sì kọ́kọ́ ń dá fún àwọn ọmọ.