Ihò Tí Mo Lù Sára Ògiri Márosẹ̀

Òórùn táyà gbígbóná àti èéfín tírélà ni Mowé fi ń kí ènìyàn láàárọ̀, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ márosẹ̀ gan-an ni ilé mi wà, iwájú ilé náà ni mo ti ń lẹ táyà. Ariwo ibẹ̀ nígbà náà, má jẹ̀ẹ́ kí n parọ́ fún ẹ: alángbá ara ògiri mi kì í mi orí fúnra rẹ̀ mọ́, ariwo ló ń bá a mì ín. Adìẹ mi kan yé ẹyin tó ti sán kó tó jáde. Bí o ò bá gbà mí gbọ́, adìẹ náà ti kú, a ò lè bi í.

Ìyàwó mi kò fi í ṣeré ní tirẹ̀. Ó ní òun ò gbọ́ ohùn ara òun lórí ìrun mọ́, ó kó ẹrù, ó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Ọ̀fàdà. Ó ní, "Ọjọ́ tí ilé bá dákẹ́, ẹ ránṣẹ́ sí mi." Odidi ọdún kan ni mo fi ń jẹ ẹ̀bà tí mo fọwọ́ ara mi tẹ̀, tó ń ta kókó lọ́nà ọ̀fun.

Nígbà tó yá, àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe mọ ògiri búlọ́ọ̀kù kan sáàárín àwa àti márosẹ̀, ó ga ju òrùlé mi lọ. Ẹnjiníà wọn, obìnrin kan tó kàwé ní Ibogun, pè wá jọ. "Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lu ihò kankan sí i lára o. Ibi tó bá ti lu ni gbogbo ariwo máa gbà wọlé." Gbogbo wa ní a ti gbọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n parí rẹ̀, ẹ̀rù bà mí. Mo gbọ́ aago ara ògiri tó ń dún, mo gbọ́ bí ọ̀fun mi ṣe ń gbé omi mì. Ìyàwó mi dé láti Ọ̀fàdà, ó tẹ́ ẹní, ó kírun, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Àmọ́ awakọ̀ ò rí ṣọ́ọ̀bù mi mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì, táyà ẹyọ kan ò wọlé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo rò pé ìyàwó mi ti lọ sọ́jà Ìbafò, mo mú òòlù àti irin, mo lu ihò tí orí ènìyàn lè gbà yọ, mo sì so táyà tí mo kùn lọ́dà funfun kọ́ ọ. Oníbúrẹ́dì ẹ̀gbẹ́ mi rí i, ó lu tiẹ̀. Oníbátìrì náà lu tiẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ògiri ti di asẹ́, tírélà sì ti padà sórí ibùsùn wa.

Ìyàwó mi ń di ẹrù. Mo ṣe bí ẹni tó bínú jù ú lọ. "Ṣé o rí ìwà oníbúrẹ́dì yẹn? Òun ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀! Tiwa yìí, tírélà ló fẹ̀yìn gbá a."

Ó di ẹrù náà tán. "Bàbá wọn, mi ò lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà. Inú yàrá ni mo wà. Ilé dákẹ́ nígbà yẹn, kò sí ohun tí mi ò gbọ́. Ìgbà ogójì lẹ fi òòlù lù ú, mo kà á. Ẹ tún ń kọrin sí i. Mo ti ń retí àtìgbà náà kí ẹ fẹnu ara yín sọ fún mi."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo po sìmẹ́ńtì, mo dí tèmi. Oníbúrẹ́dì ń fi mí ṣẹ̀sín: "Bàbá Táyà, ìyàwó ti sọ yín di bíríkìlà!" Àkọ́bí mi ju ọkùnrin yẹn lọ lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ojú tì í, ó sáré dí tiẹ̀. Oníbátìrì ò jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ òun kó tó dí tiẹ̀. Mo kó irinṣẹ́ mi lọ sí etí ibi tí ògiri ti parí, lẹ́yìn náà ni mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀fàdà, mo sì ka gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi fún ìyàwó mi lórí ìdúró.

Ó padà wá. Àmọ́ títí dòní ni ọ̀rọ̀ náà ṣì ń yà mí lẹ́nu. Láti ọdún tí mo ti fẹ́ ẹ ni mo ti rò pé ọgbọ́n orí mi ló ń bo irọ́ mi, àṣé ariwo márosẹ̀ lásán ni. Ní báyìí, òótọ́ ni mò ń sọ nínú ilé. Bí irọ́ bá ń yún mi lẹ́nu, màá rìn lọ sí òdìkejì ògiri.