Ọjọ́ tí Tíṣà Hezekiah Wọ Ṣẹkẹṣẹkẹ

Olóògbé Tíṣà Hezekiah gbà pé ẹnu nìkan kò lè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó di dandan kí èèyàn fojú rí i. Ní ọ̀sán Sátidé kan ní 1984, Àmínátù aránṣọ béèrè ìtumọ̀ "shackles" ní kíláàsì àwọn àgbà ní Ìlá. Tíṣà ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá kan tó ti kọ́ rí, ó ní kó fi ṣẹkẹṣẹkẹ de òun lọ́wọ́ sẹ́yìn bí ọ̀daràn gidi.

"Ẹ wò ó dáadáa. Ìdè ọwọ́ tàbí ti ẹsẹ̀ ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ kejì..."

"Tíṣà, ó ti yé wa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú yín."

Ìgbà yẹn ni wọ́n rántí pé àpò ọlọ́pàá ni kọ́kọ́rọ́ wà, ọlọ́pàá sì ti wọkọ̀ lọ sí Ọ̀tan Ayégbajú.

Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Nígbà tó ń kọ́ wọn ní "snore", ìyẹn kí èèyàn máa hanrun, ó sùn lọ fọnfọn. Ńṣe ni wọ́n rọra yọ́ jáde kí wọ́n má baà ba ẹ̀kọ́ jẹ́.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà gan-an ni Bàbá Àrẹ̀mú ti Òkè-Ìlá wá ṣèwádìí ìdílé, nítorí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fẹ́ Bọ́sẹ̀dé, ọmọ kan ṣoṣo tí Tíṣà bí. Ṣé olè wà níbẹ̀? Ṣé ẹlẹ́wọ̀n wà níbẹ̀? Wọ́n júwe kíláàsì fún un. Ó yọjú wọlé.

"Kí ni bàbá yìí jí?"

"Kò jí nǹkan kan, bàbá. Ó ń kọ́ wa ni."

"Ó ń kọ́ yín ní olè jíjà?"

"Ẹ jókòó, àna mi," Tíṣà ní, "ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ méjì..."

"Ọmọ mi ò ní fẹ́ ọmọ ẹlẹ́wọ̀n!"

Bọ́sẹ̀dé, tó gbé oúnjẹ bàbá rẹ̀ wá, bú sẹ́kún lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Àrẹ̀mú ti yíjú padà kó tó rí i pé àgbẹ̀ kan nínú kíláàsì ń nu òógùn ojú Tíṣà, òmíràn ń gbé omi sí i lẹ́nu.

"Kí ló ṣe fún yín ná?"

Àmínátù ṣí ìwé rẹ̀. "Orúkọ mi nìyí. Èmi ni mo kọ ọ́. Lọ́dún tó kọjá, àtàǹpàkò ni mo ń tẹ̀."

Bàbá Àrẹ̀mú wo ìwé náà pẹ́. Ó fa bẹ́ǹṣì, ó jókòó.

"Ó dáa. Kí ni ìtumọ̀ kejì?"

Títí di ìrọ̀lẹ́ tí kọ́kọ́rọ́ dé ni Tíṣà ń ṣàlàyé pé ohunkóhun tó bá ń dá èèyàn dúró, bí àìmọ̀wé, ìdè ni. Bí wọ́n ti tú u, tí Bàbá Àrẹ̀mú sì ti gbà sí ìgbéyàwó náà, Tíṣà gbé ọwọ́ méjèèjì lé Bọ́sẹ̀dé lórí láti súre fún un. Ẹnu tí kò sinmi rí kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta báyìí tí a ti sin ín. Bọ́sẹ̀dé ti bímọ méjì sí Òkè-Ìlá. Ó ní ìre tí kò jáde lẹ́nu bàbá òun lọ́jọ́ náà, èrè rẹ̀ ni òun ń jẹ títí di òní.