Oṣù Wo?

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ owó oṣù létí tíṣà tó kọ́ wa ní ìṣirò ní Ìlobù, ohun kan ṣoṣo ló máa ń bi í: "Oṣù wo?" Kì í fi rẹ́rìn-ín. Láti Ìfọ́n ló ti ń gun kẹ̀kẹ́ wá. Lẹ́tà ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, tó ń ṣe tíṣà ní Bòtìswánà, kì í kúrò lápò àyà rẹ̀. Ọ̀rẹ́ náà ní àyè iṣẹ́ kan ṣófo níbẹ̀, kó tètè máa bọ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó kọ owó oṣù tíṣà Gánà, ti Bòtìswánà àti ti Ìlú Ọba sójú bọ́ọ̀dù, ó ṣẹ́ gbogbo rẹ̀ sí náírà. Ó kọ Nàìjíríà sísàlẹ̀, kò kọ nǹkan kan síwájú rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀gá àgbà wọlé. A dìde kí i, bọ́ọ̀dù ló kọjú sí.

"Kí lẹ kọ síbẹ̀ yẹn?"

"Ìṣirò ni, sà." Ṣọ́ọ̀kì kán mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ta ló sọ ti Bòtìswánà fún yín?"

Tíṣà yọ lẹ́tà náà. Ọ̀gá kà á tán, ó tì í bọ àpò ara rẹ̀, ó jáde. A rò pé kúẹ́rì ló fẹ́ fi kọ.

Nígbà tí a fi máa wọlé sáà tuntun, ọ̀gá ti fi lẹ́tà olówó lẹ́tà lọ sí Bòtìswánà. Tíṣà wa gun kẹ̀kẹ́ dé láti Ìfọ́n. Mónítọ̀ wa dìde, ó kúnlẹ̀:

"Ẹ kú oṣù tuntun, sà."

Tíṣà yíjú sí i:

"Oṣù wo?"